Béèsì Mélòó Ló Tó Oníbéèsì?

Nínú àwọn ẹgbẹ́ jùjú àti háíláìfù tó gbajúmọ̀ nílẹ̀ wa láti nǹkan bí ọdún 1960, ọ̀gá ẹgbẹ́ ló sábà máa ń ra irinṣẹ́. Òun ló ni gìtá, òun ló ni áńpù àti sípíkà, òun náà ló ni bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń kó ẹrù lọ òde. Bí òde bá tú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a gba owó iṣẹ́ wọn, wọn a sì gba ilé lọ. Ọkùnrin kan lè ta béèsì láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé títí ilẹ̀ Ọjọ́ Àìkú fi mọ́, kó sì padà sílé lọ́wọ́ òfìfo, nítorí gìtá ọ̀gá ló fi ṣiṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi wá léèrè pé gìtá béèsì mélòó ló yẹ kí oníbéèsì ní, ohun tí ìtàn orin tiwa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kò pọn dandan kó ní ẹyọ kan. Àwọn tó ṣáájú wa kò ní, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà tọ́ ọmọ.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí ètò yìí títí dòní. Ìjọ ló ni béèsì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù nínú ilé ìsìn. Ọ̀dọ́ tó ń ta á a bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdánrawò, a tún bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsìn. N kò rí ìtìjú kankan nínú èyí. Ibi tó ti ń dunni ni pé ẹni tí kò ní béèsì nílé, iwájú èrò ló ti ń kọ́ iṣẹ́: bí ìka rẹ̀ bá ṣì í, gbogbo ìjọ ló gbọ́. Bí òun àti olórí akọrin bá sì ní gbólóhùn asọ̀, tàbí tí ọ̀gá ẹgbẹ́ bá tú ẹgbẹ́ ká, ó di ọmọ ogun tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló máa ń hàn pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́, irinṣẹ́ kò sí.

Lókè òkun, ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òdo kọ́ ni wàhálà àwọn oníbéèsì. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí òṣìṣẹ́ báńkì tó ń ta béèsì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí béèsì mẹ́jọ sì so rọ̀ sára ògiri yàrá rẹ̀, tó ṣì ń fojú wá ẹ̀kẹsàn-án. Wọ́n ní àwàdà kan tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́: iye tó yẹ kí èèyàn ní ni iye tó ní báyìí, kó wá fi ẹyọ kan lé e. Walter Becker, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ẹgbẹ́ Steely Dan sílẹ̀, tilẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ apanilẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ náà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ó pe ìfẹ́ àtira gìtá ní àìsàn, ó sì sọ ọ́ lórúkọ bí ẹni pé dókítà ló ń kọ ìwé oògùn. Orúkọ náà kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn olórin.

Èrò tèmi ni pé ọ̀kan tó ẹni tí kò fi béèsì jẹun, méjì tó ẹni tó fi ń jẹun, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ lè dárúkọ iṣẹ́ tí owó ń bẹ nínú rẹ̀ tí méjì àkọ́kọ́ kò lè ṣe. Ẹni tó ń kó béèsì jọ nítorí ó fẹ́ràn wọn, ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀, a ó kàn án níwájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe béèsì. Kí béèsì oníná tó dé, béèsì onígi ràbàtà tó ga ju èèyàn lọ ló ń ṣe ohùn ìsàlẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ jáàsì, àti fún àwọn ẹgbẹ́ háíláìfù nílẹ̀ wa náà. Ó ṣòroó gbé. Kò sí àmì lọ́rùn rẹ̀ tí ìka lè tẹ̀ lé. Bí fèrè àti ìlù bá sì gbóhùn sókè, a kì í gbọ́ ọ mọ́. Nínú jùjú, agídìgbo ló ń dí àyè ohùn ìsàlẹ̀ yẹn kí gìtá tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Seattle, Paul Tutmarc ti ṣe béèsì oníná kan ní nǹkan bí ọdún 1936, ṣùgbọ́n ọjà kò tà. Leo Fender, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní ìlú Fullerton ní California, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ gìtá ta, ló gbé èyí tó borí jáde lọ́dún 1951. Okùn mẹ́rin ló ní, gígùn okùn náà jẹ́ ínṣì 34, ó sì ní fret, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, tó ń mú kí ohùn bọ́ sí ojú ibi tó yẹ gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Precision.

Ní 1957 ó gé pickup rẹ̀, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gba ìró okùn, sí méjì. Ní 1960 ó gbé Jazz Bass jáde, tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó sì ní pickup méjì. Lẹ́yìn tó ti ta ilé iṣẹ́ rẹ̀, tó wà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Music Man, StingRay jáde ní 1976, èyí tí bátìrì wà nínú rẹ̀ láti mú ohùn rẹ̀ le. Ẹ wo ògiri ẹni tó ní béèsì mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò jẹ́ ẹbí àwọn mẹ́ta yìí, ìyàtọ̀ wọn kò ju àwọ̀ àti orúkọ lọ.

Ọ̀rọ̀ pickup yìí kàn wá gan-an nílẹ̀ yìí. Pickup Precision tí wọ́n gé sí méjì, apá kan ń pa ariwo iná tí apá kejì gbé wọlé. Ti Jazz Bass kì í pa á àfi bí ohùn pickup méjèèjì bá dọ́gba. Nínú gbọ̀ngàn tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé iná fún, tí ẹni tó so wáyà kò sì fi ìkankan wọ ilẹ̀, oníJazz Bass tó bá yí pickup kan sílẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè mú yóò gbọ́ tí sípíkà ń kùn bí oyin. Precision a dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹyọ kan ṣoṣo fún òde àríyá, èyí nìkan ti tó láti fi yàn án.

Àwọn tó ń gbèjà ẹyọ kan kì í pẹ́ dárúkọ James Jamerson, wọn kò sì jayò pa. Òun ni oníbéèsì ilé iṣẹ́ Motown ní Detroit nígbà tí orin wọn gba ayé kan láàárín ọdún 1960 sí 1970. Ní yàrá kékeré kan nínú ilé tí wọ́n sọ di sítúdíò ní West Grand Boulevard, ó ta béèsì fún The Supremes, The Temptations, Four Tops, Stevie Wonder àti Marvin Gaye. Precision 1962 kan ló fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìka ìfábẹ̀lá nìkan ló fi ń ta á. Okùn rẹ̀ nípọn, ó ga kúrò lára ọrùn gìtá débi pé ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè tẹ̀ ẹ́, kì í sì í pàrọ̀ rẹ̀ àfi bó bá já. Ẹgbẹ́ olórin mẹ́wàá, ohùn mẹ́wàá, béèsì kan. Ẹni tó bá fetí sí wọn yóò mọ̀ pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín orin kan àti èkejì kò ti inú igi wá. Inú orí ọkùnrin náà ló ti wá: ibi tó ti dá ohùn dúró, ibi tó ti fo ìlù kan, ibi tó ti lọ bá olórin ní òkè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo àjànàkú ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Marcus Miller náà wà níbẹ̀. Jazz Bass 1977 kan ló rà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, Roger Sadowsky bá a fi ẹ̀rọ oníbátìrì sínú rẹ̀ ní New York, ó sì ti fi í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Luther Vandross àti Miles Davis, títí kan àwo Tutu tí Miles gbé jáde ní 1986. Òun náà ló ṣì fi ń rìn kiri ayé. Ẹ tún lè fi Aston Barrett kún un, ẹni tí wọ́n ń pè ní Family Man, tó di ìsàlẹ̀ orin Bob Marley mú pẹ̀lú Jazz Bass tirẹ̀ títí Bob fi kú. Bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó tó báyìí bá lo ẹyọ kan, kí ni èmi àti ìwọ ń wá nínú mẹ́rin?

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi wọ́n pé níbo ni béèsì Jamerson wà báyìí. Wọ́n jí i. Ó kù díẹ̀ kí ọkùnrin náà kú ní 1983, lẹ́ni ọdún 47, ni olè gbé e lọ, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí i títí di òní. Jaco Pastorius, ẹni tó fi Jazz Bass 1962 tí kò ní fret mọ́ yí ojú béèsì padà, tó fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ ojú omi bo ọrùn rẹ̀ kí okùn má baà gé igi, wọ́n jí tirẹ̀ náà ní New York ní 1986. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni béèsì náà tó jáde, Robert Trujillo ti ẹgbẹ́ Metallica sì fi owó rẹ̀ ran ẹbí Jaco lọ́wọ́ kí wọ́n tó rí i gbà padà. Paul McCartney ra Höfner tó dà bíi fayolíìnì ní Hamburg lọ́dún 1961, ní nǹkan bí ọgbọ̀n pọ́n-ùn. Wọ́n jí i ní London ní 1972, ó sì di ọdún 2024 kí aráyé tó gbọ́ pé ó ti padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú àwọn mẹ́ta yìí, McCartney nìkan ni olè náà kò bá iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, nítorí ó ti ní Höfner mìíràn láti 1963, ó sì ti ní Rickenbacker láti 1965. Nítorí náà, àwọn ẹni àwòkọ́ṣe tí wọ́n fi ń gbèjà ẹyọ kan gan-an ni ẹlẹ́rìí mi fún méjì. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa retí olè. Olè ló burú jù nínú ohun tó lè ṣẹlẹ̀, àwọn kékeré pọ̀ jù ú lọ. Ojú ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ a já nínú, bátìrì a kú láàárín orin, ọmọ tó ń bá wọn gbé ẹrù a fi orí gìtá gbá ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. Lóde ìnáwó ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tí owó ti wọlé, tí ìyàwó ti ń jó bọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ pé béèsì ọ̀gbẹ́ni ti bàjẹ́. Olórin a máa rí onígìtá mìíràn lórí pèpéle tó lè dí àlàfo gìtá tó já okùn. King Sunny Adé lè ní gìtá mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ síra wọn, béèsì kan ló wà lábẹ́ gbogbo wọn. Bí ẹyọ kan yẹn bá dákẹ́, ohun gbogbo fò lókè láìní ilẹ̀.

Béèsì kejì tó wà fún ìṣọ́ra yìí kò ní láti jẹ́ ọlọ́lá. Kó máa ṣiṣẹ́, kí ọrùn rẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́ débi tí ọwọ́ kò fi ní ṣìnà, ó parí.

Ohun tó ń bí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jẹ́ nǹkan mìíràn, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Èèyàn gbọ́ ohùn kan nínú orin, ó fẹ́ ẹ, ó sì gbà pé inú béèsì kan pàtó ló wà. Ó ta á, ó rà á, ó gbé e délé, ohùn náà kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú okùn ló wà. Okùn béèsì ayé àtijọ́ jẹ́ èyí tí irin tí wọ́n wé mọ́ ọn tẹ́jú, tí wọ́n ń pè ní flatwound: ó ń dún ṣókí, ó kún, kò ní ariwo ìka. Irú rẹ̀ ni Jamerson lò, irú rẹ̀ ni Family Man lò. Ní 1966, John Entwistle ti ẹgbẹ́ The Who àti ilé iṣẹ́ Rotosound ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣe okùn tí irin ara rẹ̀ rí róbótó, tó ń dún bíi dùùrù, tó ń tàn, tó ń gún etí. Láti ìgbà náà ni ohùn béèsì ti pín sí méjì. Precision kan náà, ẹ fi flatwound sí i, ti Motown ni. Ẹ fi róbótó sí i, ti rọ́ọ̀kì ni. Owó okùn kan kò tó ìdá kékeré nínú owó béèsì. Síbẹ̀, mo mọ àwọn tó ní béèsì mẹ́rin, tí okùn kan náà wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ibi tí ọwọ́ ti ń ta á tún ju okùn lọ. Ẹ súnmọ́ ìdí béèsì, ohùn a le, a tínrín. Ẹ lọ sí ibi tí ọrùn ti pàdé ara, a rọ̀, a fẹ̀. Ẹ fi ẹ̀bá àtẹ́lẹwọ́ tẹ okùn díẹ̀ kí ẹ sì fi àtàǹpàkò ta á, ẹ ó gbọ́ ohùn kúkúrú tó ń fọ̀ bí ìlù. Bọ́tìnnì tó ń dín ìmú ohùn kù tún wà lójú béèsì: àwọn kan wà tí wọn kò tíì yí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, títí ó fi dípẹtà. Béèsì mẹ́ta mẹ́rin ló wà nínú ẹyọ kan, bí ọwọ́ bá mọ ọ̀nà wọn.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Igi ni ọrùn gìtá, igi a sì máa mu omi, a máa gbẹ. Bí ọyẹ́ bá mú, igi a fún, ọrùn a yí padà, okùn a bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà-gbàgà lára fret. Bí òjò bá dé, ó tún padà fẹ̀, okùn a ga sókè, ìka a máa dun ẹni. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé béèsì àwọn ti darúgbó ní oṣù kìíní kò nílò béèsì tuntun. Irin kan wà nínú ọrùn gìtá náà tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí láti mú un tọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yí yóò ṣe é tán kí ẹ tó mu mínírà kan tán. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín ṣe é bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, nítorí bí irin yẹn bá já nínú, ó di kí ẹ pàrọ̀ ọrùn.

Ibi kan wà tí mo gbà pé irinṣẹ́ gan-an ló kù díẹ̀ káàtó, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ okùn karùn-ún. Okùn tó wà nísàlẹ̀ jù lára béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn karùn-ún tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31. Nínú orin jùjú, a kì í nílò ibẹ̀: ọ̀gá a mú ohùn kan, a dúró sórí rẹ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀, ohun tí béèsì ní láti ṣe ni kó má yẹsẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Arábìnrin tó gbé orin ìyìn sókè kò bi ẹnikẹ́ni kó tó yan ibi tí ohùn rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀mí bá sì gbé e, ó tún gun òkè sí i. Oníkíbọ́ọ̀dù tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ bá a yí ohùn padà, ìka rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Oníbéèsì kò ní bọ́tìnnì. Bó bá di pé ibùgbé orin náà bọ́ sábẹ́ okùn rẹ̀ tó kẹ́yìn, ó di dandan kó fò lọ sókè, gbogbo orin a sì fúyẹ́ nígbà tó yẹ kó wúwo. Ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, n kò rí ìdí tí kò fi ní fi olókùn márùn-ún ṣe béèsì rẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì fi olókùn mẹ́rin ṣe èkejì. Ṣùgbọ́n kó yẹ sípíkà ìjọ wò kó tó náwó. Sípíkà kékeré kò lè gbé ohùn tó wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde, yóò kàn máa gbọ̀n lásán ni.

Olókùn mẹ́fà ńkọ́? Anthony Jackson ní kí Carl Thompson ṣe irú rẹ̀ fún òun ní 1975, òun sì mọ ohun tó ń wá. Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó kù, okùn kẹfà wà kí wọ́n lè ta béèsì bíi gìtá olórí nígbà tí wọ́n bá sọ pé kí wọ́n ṣe dáadáa níwájú ìjọ. Kò sí òfin tó kọ̀ ọ́. Ó kàn wúwo, ọrùn rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ, òde alẹ́ sì gùn.

Béèsì tí kò ní fret ni ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo lè gbèjà, fún ẹni tí iṣẹ́ sítúdíò bá ń wá. Ohùn rẹ̀ ń yọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn bí ohùn èèyàn, kò sì sí okùn tàbí bọ́tìnnì tó lè fara wé e lára béèsì onífret. Pino Palladino fi StingRay tí kò ní fret kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú orin Paul Young ní 1983. Nígbà tó fi máa di àwo Voodoo ti D'Angelo ní 2000, Precision ló gbé dání, ẹni tí kò bá ka orúkọ lẹ́yìn àwo kò ní mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Béèsì méjì tí wọn kò lè ṣe iṣẹ́ ara wọn nìyẹn, irú méjì bẹ́ẹ̀ sì dára ju mẹ́fà tí wọ́n jọra lọ. Ní Áfíríkà, Bakithi Kumalo láti Soweto ló fi irú béèsì yìí gbajúmọ̀ nínú àwo Graceland ti Paul Simon ní 1986. Ìtàkìtì béèsì tí gbogbo èèyàn mọ̀ nínú orin You Can Call Me Al, ìdajì rẹ̀ ni ọwọ́ Kumalo ta. Ìdajì kejì ni ìdajì àkọ́kọ́ tí wọ́n dà sẹ́yìn lórí téèpù. Ẹ má lọ ra béèsì nítorí rẹ̀.

Owó ńkọ́? Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá náírà 1,500. Béèsì akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ta ní dọ́là 200 lókè òkun fi náírà 92,000 sílẹ̀, ó di 300,000, láì tíì ka owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìdí nìyí tí tòkunbọ̀ fi jẹ́ ọ̀nà ọ̀pọ̀ wa, tòkunbọ̀ kì í sì í ṣe ìyà nínú ọ̀rọ̀ gìtá: igi tó ti gbẹ fún ogún ọdún kì í sábà yí mọ́. Ohun tí mo rí tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó rí owó béèsì méjì tí kò dára kó jọ ń ra méjèèjì, nígbà tó yẹ kó ra ọ̀kan tó dára pẹ̀lú àpò líle tí yóò máa gbé e, okùn méjì nípamọ́, wáyà tó nípọn, àti àpótí kékeré tó ń so béèsì mọ́ ẹ̀rọ ohùn gbọ̀ngàn láìgba áńpù kọjá. Àpótí yẹn ti gba ọ̀pọ̀ òde là tí béèsì kẹta kò lè gbà. Kò lẹ́wà lára ògiri ni kò jẹ́ kí wọ́n máa rà á.

Àwọn tó ń kó béèsì jọ wá ńkọ́? Entwistle tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó kó béèsì àti gìtá jọ débi pé nígbà tó kú ní 2002, ilé ìtajà Sotheby's ní London ni wọ́n ti pàtẹ wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tó sọ ní Frankenstein, tó tò jọ láti ara àwọn béèsì tó ti fọ́. Geddy Lee, oníbéèsì Rush láti Kánádà, bẹ̀rẹ̀ ìkójọ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ìwé ńlá kan jáde ní 2018 tí àwòrán béèsì tó lé ní 250 wà nínú rẹ̀. N kò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà lórí iye. Ó ń ṣe ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ì bá ṣe: ó ń wọn ọrùn, ó ń tú ara wò, ó ń kọ ọdún sílẹ̀, àwọn tó ń kan béèsì lónìí sì ń kà á. Ó wù mí kí ẹnì kan nílẹ̀ wa ṣe irú rẹ̀ fún àwọn gìtá tí wọ́n fi ta jùjú àti afrobeat, kí wọ́n tó di ẹrù ìdí ilé tán.

Síbẹ̀, Geddy Lee kan náà ra Jazz Bass 1972 kan ní ilé onídògò ní ìlú Kalamazoo, ní Michigan, ní dọ́là 200, òun ló sì di àgbà béèsì tó fi ń gba orin sílẹ̀ láti 1993. Nígbà tí Rush ń rìnrìn àjò ní 2015, ó kó ọ̀pọ̀ béèsì àtijọ́ jáde, ó ń pàrọ̀ wọn láti orin dé orin. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún wà lẹ́yìn pèpéle tó ń yí okùn wọn, tó ń tún ọrùn wọn ṣe, tó ń na béèsì tó kàn sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ní mẹ́fà láìní irú òṣìṣẹ́ yẹn, kó yáa ka okùn mẹ́rìnlélógún tí yóò máa fọwọ́ ara rẹ̀ yí lẹ́yìn ọyẹ́, kó tó sanwó.